Tab mọ̀nà, Vim ò mọ̀nà: kí ló fà á?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Vim ni mo fi ń kọ script àti àkọsílẹ̀ mi. Bí mo bá wà nínú terminal, lẹ́tà méjì péré ni mo máa tẹ̀, mo tẹ Tab, ó sì bá mi parí orúkọ fáìlì. Nínú Vim, wọ́n ní kí n tẹ Ctrl-X kí n sì tẹ Ctrl-F. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, 'Pattern not found' ló ń kọ sí mi nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáìlì ọ̀hún wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, fáìlì tí n kò mọ̀ rí ló ń kó wá. Ṣé Vim mi ló bàjẹ́ ni, àbí kí n wá plugin, ìyẹn àfikún tí wọ́n ń fi sínú Vim? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú bọ́ sí VS Code, editor mìíràn."

Vim yín ò bàjẹ́, ẹ sì fi plugin sílẹ̀ ná. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé irinṣẹ́ kan náà ń dá yín lóhùn lónìí, ó ń ya odi lọ́la, ẹ ò sì rí ohun tí ẹ ṣe tó fi yí padà. Irú rẹ̀ máa ń bí èèyàn nínú ju èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá lọ, torí èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá, à bá ti pa á tì. Èmi náà fi ọdún méjì gbáko gbà pé ìgbà tó bá wu Ctrl-X Ctrl-F ló ń ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wò kò ju méjì lọ: ibi tí Vim dúró sí, àti ibi tó gbà pé orúkọ fáìlì ti bẹ̀rẹ̀. Èkíní ló ń dà yín láàmú báyìí. Èkejì ò ní pẹ́ dé, torí script lẹ ń kọ.

Ọ̀nà fáìlì, ìyẹn ohun tí gbogbo wa ń pè ní path, oríṣi méjì ni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `/`, bíi `/var/log/syslog`, láti gbòǹgbò ló ti ń ka ọ̀nà bọ̀. Ibi yòówù kí ẹ wà, ibì kan náà ló ń mú yín lọ. Èyí tí kò ní `/` níwájú, bíi `aworan/ile.png`, dà bí ìgbà tí ẹnìkan sọ fún yín lórí fóònù pé ẹ yà sí ọ̀tún, kí ẹ ka ilé mẹ́ta. Ẹ ó kọ́kọ́ bi í léèrè ni: láti ibo? Kọ̀ǹpútà kì í béèrè. Ibi tó bá dúró sí ló ti máa ka ilé mẹ́ta tirẹ̀, bí kò bá sì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, á ní òun ò rí i.

Ibo wá ni Vim dúró sí? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Wọ́n rò pé inú fódà tí fáìlì táwọn ń kọ wà ni. Rárá o. Inú fódà tí ẹ wà nígbà tí ẹ pe Vim ni, àfi bí ẹ bá fúnra yín ṣí i nípò. Ẹ wò ó báyìí. Ká ní ẹ ní fódà kan tó ń jẹ́ `ise`. Inú rẹ̀ ni `iwe` wà, inú `iwe` ni `ori1.md` àti fódà `aworan` wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ `cd` wọ inú `iwe`, ẹ tẹ `vim ori1.md`. Ẹ kọ `aworan/`, ẹ tẹ Ctrl-X Ctrl-F, orúkọ àwòrán tò wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, inú `ise` lẹ wà, ẹ wá tẹ `vim iwe/ori1.md`. Fáìlì kan náà ló ṣí, ìlà kan náà lẹ wà, `aworan/` kan náà lẹ kọ. Ṣùgbọ́n `ise/aworan` ni Vim lọ wá lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Pattern not found. Bí `ise` bá wá lọ ní `aworan` tirẹ̀ lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni Vim á ti kó fáìlì tí ẹ ò mọ̀ rí wá bá yín. Ohun méjèèjì tí ẹ fi sùn nìyẹn, ìdí kan ṣoṣo ló bí wọn. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ Esc, ẹ kọ `:pwd`, ẹ tẹ Enter. Fódà tí Vim dúró sí ló máa kọ síwájú yín, ẹnu á sì ya yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wá ìdáhùn káàkiri, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ní kí ẹ lọ fi orúkọ fódà kún ètò Vim kan tó ń jẹ́ `path` nínú vimrc yín, ìyẹn fáìlì tí Vim ń ka ètò rẹ̀ látinú rẹ̀. Kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí. Iṣẹ́ `gf` (tó ń ṣí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ kọ́sọ̀) àti `:find` (tó ń wá fáìlì ṣí) ni `path` wà fún. Ìwé ìrànlọ́wọ́ Vim fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ctrl-X Ctrl-F kì í lò ó.

Ẹ má sì rò pé Tab inú terminal gbọ́n ju Vim lọ. Òun náà, ibi tó dúró sí ló ti ń kà. Ìyàtọ̀ ni pé ẹsẹ̀ ara yín lẹ fi rìn débẹ̀ pẹ̀lú `cd`, ọ̀pọ̀ shell, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ yín nínú terminal, sì ń kọ orúkọ ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń tẹ̀wé, nítorí náà ẹ kì í gbàgbé. (Àṣà yìí ti pẹ́ láyé o. Lẹ́tà T tó wà níwájú orúkọ shell kan tó ń jẹ́ tcsh, TENEX ló ń tọ́ka sí, ètò orí ẹ̀rọ PDP-10 ní nǹkan bí 1970, tó ti ń bá èèyàn parí ọ̀rọ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé.) Ìyàtọ̀ kejì ló tóbi jù, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í sọ. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ sínú terminal, lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n máa lò ó. Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó kà á dúró síbì kan náà. Nínú editor, lẹ́tà lẹ ń kọ ránṣẹ́. Ẹni tó máa ka path yẹn ò tíì dé, ibi tó sì máa dúró kà á lè má jẹ́ ibi tí ẹ dúró kọ ọ́.

Ta wá ni òǹkàwé yẹn, ibo ló sì máa ń dúró? Ó yàtọ̀ síra. Àwòrán inú Markdown (irú àkọsílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.md`), `import` inú JavaScript tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `./`, àti `#include` inú C tí ẹ fi àmì ọ̀rọ̀ yí ká, láti inú fódà fáìlì tí wọ́n wà ni wọ́n ti ń kà wọ́n. Shell script kò rí bẹ́ẹ̀, `open()` inú Python náà kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí ẹni tó pè wọ́n dúró sí ni wọn ń lò, ì báà jẹ́ òkè òkun fódà. Ẹ lè fi script sínú `iwe`, kí ẹ pè é láti `ise`, `ise` ni gbogbo path inú rẹ̀ á ti máa bẹ̀rẹ̀. Pé orúkọ parí nínú Vim kò túmọ̀ sí pé ó máa rí ilé lọ́jọ́ tó bá máa ṣiṣẹ́.

Mo jẹ ìyà èyí rí. Mo kọ script kékeré kan tó máa ṣe ẹ̀dà àwọn ìròyìn iṣẹ́ mi lálaalẹ́. Láti inú fódà iṣẹ́ náà ni mo ti ṣí Vim, Ctrl-X Ctrl-F ló bá mi parí `data/iroyin`, mo dá a wò fúnra mi, ẹ̀dà jáde. Inú mi dùn, mo gbé e fún cron, ètò tó ń bá èèyàn pe script ní àsìkò tó bá dá fún un. Cron kì í dúró sí fódà iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Fódà ilé oníṣẹ́, ìyẹn `$HOME`, ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí `data` kankan níbẹ̀. `cp` kígbe lálaalẹ́, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo fi `2>/dev/null`, tó ń da ìkìlọ̀ àṣìṣe nù, sí ìparí ìlà yẹn kó má baà máa yọ mí lẹ́nu. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó nílò ẹ̀dà náà. Mo ṣí fódà ọ̀hún, òfìfo. Láti ọjọ́ náà, ìlà tó máa ń tẹ̀ lé ìlà àkọ́kọ́ nínú script mi ni `cd "$(dirname "$0")" || exit 1`. Ohun tó ń sọ fún script ni pé: kọ́kọ́ lọ dúró sínú fódà tí ìwọ fúnra rẹ wà, bí o kò bá lè débẹ̀, má ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, èmi náà á rí i pé inú fódà kan náà ni mo ti ṣí Vim. Báyìí, èmi, Vim àti cron jọ dúró sójú kan ni, ohun tó bá parí lójú mi máa tọ̀nà lójú wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí èkejì, ibi tí orúkọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ èyí sínú script yín kí ẹ wò ó: `LOG=/var/lo`, kí ẹ tẹ Ctrl-X Ctrl-F. Path yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `/`, ọ̀rọ̀ ibi ìdúró ò kàn án rárá, `/var/log` sì wà lórí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, Pattern not found. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Vim ń yẹ̀yìn wò láti ibi tí kọ́sọ̀ wà, ó ń gba gbogbo àmì tó lè wà nínú orúkọ fáìlì, títí tó fi kan èyí tí kò lè sí níbẹ̀. Àwọn àmì tó ń gbà wà nínú ètò kan tó ń jẹ́ `isfname`. Lórí Linux, `=` wà lára wọn. Nítorí náà, kò rí `/var/lo`; `LOG=/var/lo` lódindi ló rí, fódà kan tó ń jẹ́ `LOG=` ló sì ń wá kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni `-I/usr/inc` tí àwọn oní-C máa ń kọ: `-` àti `I` wà lára orúkọ lójú Vim. Àmọ́ àmì ọ̀rọ̀ `"` àti àkámọ́ `(` kò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí `"src/` àti `![](aworan/` fi ń parí láìsí wàhálà.

Fún `=`, ẹ fi `set isfname-==` sínú vimrc yín. Ìdọ́gba méjì yẹn kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé: èkíní jẹ́ ti `-=` tó ń yọ nǹkan kúrò, èkejì ni ohun tí à ń yọ. Ó ní ohun tó máa gbà lọ́wọ́ yín o. `gf` náà ń lo `isfname`, bí ẹ bá ní fáìlì tó ní `=` nínú orúkọ lóòótọ́, á máa gé e sí méjì. Èmi kò ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀, mo sì ti yọ ọ́ tipẹ́. Fún `-I`, mi ò ní sọ pé kí ẹ yọ `-`, torí orúkọ fáìlì tó ní `-` nínú pọ̀ jù. Ẹ kàn fi àlàfo kan sáàárín, `-I /usr/inc`, ẹ jẹ́ kó parí, kí ẹ padà lọ pa àlàfo náà rẹ́. Kò lẹ́wà, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Àlàfo yìí kan náà ló ń ba nǹkan jẹ́ fún ẹni tó ń fi àlàfo sínú orúkọ fódà: bí fódà bá ń jẹ́ `iwe mi`, tí ẹ kọ `iwe mi/or`, `mi/or` nìkan ni Vim máa lọ wá. Fún èyí, n kò mọ oògùn tó dùn ún lò ju pé kí ẹ má fi àlàfo sínú orúkọ fódà iṣẹ́.

Àwọn kéékèèké kan tún wà. Fáìlì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `.` kì í yọjú àfi bí ẹ bá fúnra yín kọ `.` náà. Lórí Linux, `Iwe` àti `iwe` kì í ṣe ẹnìkan náà. Bí ẹ bá da vimrc ẹlòmíràn kọ, ẹ wo ohun tó wà nínú `wildignore` rẹ̀, torí ohun tó bá wà níbẹ̀ máa fara pamọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda náà wà níbẹ̀: lórí Linux, àṣẹ láti gba inú fódà kọjá yàtọ̀ sí àṣẹ láti ka orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lè ní èkíní láìní èkejì, fáìlì á ṣí bí ẹ bá kọ orúkọ rẹ̀ pé, àmọ́ kò sí irinṣẹ́ tó máa lè bá yín parí rẹ̀. Ìgbà kan tí mo bá èyí pàdé, mo fi ọ̀sán kan ṣòfò kí n tó tẹ `ls -ld`.

Nígbà tí àwọn orúkọ bá tò wálẹ̀, Ctrl-N ń sún síwájú, Ctrl-P ń sún sẹ́yìn, Ctrl-Y ń gbà á, Ctrl-E ń kọ̀ ọ́. Bí èyí tí ẹ gbà bá jẹ́ fódà, ẹ tún tẹ Ctrl-X Ctrl-F kí ẹ wọ inú rẹ̀ lọ. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀, wọ́n á ní Vim ń dá dúró lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà kan ò wọjà, ẹ jẹ́ ká wo èyí tó máa bá yín mu. Ẹnìkan á ní kí ẹ kọ `set autochdir` kí ọ̀rọ̀ tán. Pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí fáìlì ni Vim máa ṣí lọ sínú fódà fáìlì náà. Mo lò ó fún oṣù díẹ̀, mo yọ ọ́. Ìwé Vim kìlọ̀ pé àwọn plugin kan lè má ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó lé mi kúrò ni pé `:e` (tó ń ṣí fáìlì) àti `:make` (tó ń pe ètò make) mi kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́; mo ṣí fáìlì mẹ́ta, ibi ìdúró yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni `:lcd %:p:h`, tó ń ṣí ojú fèrèsé kan ṣoṣo yẹn lọ sínú fódà fáìlì rẹ̀, tí àwọn fèrèsé yòókù dúró síbi tí wọ́n wà. Torí pé ẹ ń kọ àkọsílẹ̀, tí òǹkàwé Markdown sì máa ń dúró sínú fódà fáìlì, ẹ lè sọ ọ́ di àṣà fún Markdown nìkan nínú vimrc: `autocmd BufEnter *.md silent! lcd %:p:h`. Ẹ má fi kan script. Ti script, ibi tó ti máa ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ti ṣí Vim.

Plugin ńkọ́? Bí ẹ bá wà lórí Neovim, ẹ̀ka kan tó yà lára Vim, tí ẹ ń lo plugin nvim-cmp tó ń bá èèyàn parí ọ̀rọ̀, cmp-path, àfikún rẹ̀ fún orúkọ fáìlì, máa ń ka ọ̀nà láti fódà fáìlì bí ẹ kò bá sọ nǹkan míì fún un, ó sì ń yọjú fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ ohunkóhun. Ó dùn ún lò. Àmọ́ ìdáhùn kan ló yàn fún gbogbo fáìlì, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ló máa ti script yín sínú kòtò tí mo bọ́ sí. VS Code tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ dáa. Ó ń dábàá path nínú JavaScript, CSS àti Markdown láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan kan kún un. Fún shell script, ẹ máa wá extension, ibi tó ti máa ka ọ̀nà á sì tún di ìbéèrè kan náà tí a wà lórí rẹ̀ yìí. Emacs ni editor tí mo rí tó mú ọ̀rọ̀ yìí ní kedere jù: fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ẹ ṣí ní `default-directory` tirẹ̀, fódà fáìlì náà ló sì máa ń jẹ́ bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó kúrò nínú Vim lọ sí Emacs nítorí orúkọ fáìlì nìkan, mo fẹ́ kó kọ́kọ́ sùn lórí ẹ̀.

Ohun kan wà tí gbogbo wọn kò lè ṣe fún yín: kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí script bá máa ṣiṣẹ́ lórí server, pé `/opt/ise/data` parí lórí laptop yín kò ní kó wà lọ́hùn-ún. Fún irú èyí, mo máa ń ṣí terminal sórí server náà, kí n `ls` path ọ̀hún níbẹ̀ kí n tó fi fáìlì ránṣẹ́.

Ẹ dán `:pwd` wò nígbà tó bá tún kọ̀ fún yín. Bó bá jẹ́ pé fódà tó yẹ ló kọ síwájú yín, tí kò sí `=` tàbí àlàfo nítòsí, tí ó sì ṣì ń kọ̀, ẹ fi ìlà tí ẹ ń tẹ̀ gan-an ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ohun tí `:set isfname?` àti `:set wildignore?` bá sọ.